Ìrọra Ni Òkúta Ń Fẹ́: Bí A Ṣe Lè Tún Jíìpù Àtijọ́ Ṣe Nílé fún Àpáta Ṣábẹ̀

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀gá nínú iṣẹ́ mẹkáníìkì àti iṣẹ́ ìjórin, àti ẹ̀yin ọmọṣẹ́ tí ẹ bọ́ aṣọ elépo sílẹ̀ kí ẹ tó wá jókòó, mo kí gbogbo yín. Ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú ìjókòó. Kétu ni mo ti wá. Ọmọ Ṣábẹ̀ Ọ̀pàrà kì í jẹ́ kí àlejò jókòó láìfún un lómi. Ẹ ti fún mi lómi, ó wá kù sí mi lọ́wọ́ kí n fún yín lọ́rọ̀.

Ẹni tó bá dúró síbi tí mo dúró sí yìí, tó gbójú sókè, òkè ló máa rí. Àwọn òkè yín yìí, tí àwọn elédè Faransé ń pè ní Mamelles de Savè, gíránáìtì ni wọ́n, òkúta líle tó yọrí láti inú ilẹ̀ gbalasa. Nígbà ogun Dàhòmì, àárín wọn ni àwọn baba ńlá yín forí pamọ́ sí. Ọ̀rọ̀ ogun kọ́ ló gbé mi wá. Ìsàlẹ̀ òkè ni mo ń bá lọ, níbi tí àwọn àpáta tó ti ya lulẹ̀ láti ayébáyé wà káàkiri, tí òjò ti gbẹ́ ọ̀nà oko tó gba àárín wọn kọjá di kòtò. Kò sí ọkọ̀ kékeré tó lè dé ibẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kan láàrin yín ti ń gbé jíìpù àtijọ́ lọ síbẹ̀ fún eré, àwọn àgbẹ̀ kan sì ń wá ọkọ̀ tó lè gba ibẹ̀ gbé iṣu jáde. Ẹgbẹ́ méjèèjì ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Eré yìí ti pẹ́ láyé. Ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà olókùúta kan wà tí wọ́n ń pè ní Rubicon. Láti ọdún 1953 ni àwọn onijíìpù ti ń kó ara wọn jọ láti gbà á. Ní ilẹ̀ Jàpáánù, ní 1951, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ichiro Taira wa jíìpù Toyota BJ gun òkè Fuji dé ibùdó kẹfà. Ọkọ̀ yẹn ló di Land Cruiser tí gbogbo wa mọ̀, orúkọ náà sì dé ní 1954. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó yẹ kó fojú ọmọdé wo ohun tí àwọn ọmọ yìí ń ṣe. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni, ó ní ìlànà.

Gbólóhùn kan ni mo gbé wá: ìrọra ni òkúta ń fẹ́. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Lórí àpáta, ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe òwe mọ́, bí ọ̀ràn ṣe rí gan-an nìyẹn.

Ẹ wo ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹnìkan rí jíìpù àtijọ́ rà, inú rẹ̀ dùn. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó gbé e sókè. Ó ra táyà tó tóbi ju èyí tí ọkọ̀ náà gbé wá, ó kùn ún ní ọ̀dà tuntun, ó to iná sórí òrùlé rẹ̀. Owó tán. Ó wá gbé e dé iwájú àpáta tí kò ga ju orúnkún lọ, ọkọ̀ kọ̀ ọ́. Ó tẹ iná. Táyà kan ń yí lófuurufú, èyí tó kù dúró sójú kan. Ó tún tẹ iná sí i. Táyà tó ń yí bọ́ sílẹ̀, ó gbá òkúta mú lójijì, nǹkan sì ké pà lábẹ́ ọkọ̀. Ṣáfútù, ọ̀pá tó ń yí táyà, ti gé nìyẹn. Ẹ ò lè sọ pé ọkọ̀ náà kò lágbára. Agbára ló ṣẹ́ ẹ: ó dé lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì dé sórí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo.

Tí a bá gbà bẹ́ẹ̀, ètò tí a máa fi ná owó yí padà pátápátá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ọkọ̀ tí a máa rà. Ẹ má wo orúkọ, ẹ dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ kí ẹ wo iwájú. Bí ẹ bá rí ọ̀pá irin nínípọn kan tó gba láti táyà ọ̀tún lọ dé táyà òsì láìgé lágbedeméjì, ọkọ̀ tí à ń wá nìyẹn. Pọ́ǹtì ni gbogbo wa ń pè é ní gáráàjì. Àǹfààní pọ́ǹtì gbọọrọ bẹ́ẹ̀ ni pé nígbà tí táyà kan bá gun òkúta, ara pọ́ǹtì náà ló ń ti táyà kejì mọ́lẹ̀; ó sì ń jẹ́ kí àlàfo tó wà lábẹ́ dífẹ́ríńṣà, ìyẹn ilé jíà tó wú lára pọ́ǹtì, dúró bó ṣe wà. Land Cruiser ìran 70, tó jáde ní 1984, ní in níwájú àti lẹ́yìn. Nissan Patrol Y60, tó jáde ní 1987, ní in, súpíríǹgì kíká ló sì gbé e ró, èyí tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ nà dáadáa. Àwọn Hilux kan tí wọ́n ṣe láàrin 1988 sí 1997 ní in pẹ̀lú súpíríǹgì pẹlẹbẹ. Suzuki Samurai kéré, ẹ́ńjínì rẹ̀ kò ju lítà 1.3 lọ, àwọn ènìyàn sì máa ń fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fúyẹ́, ó sì ń gba àárín òkúta méjì tí Patrol kò lè gbà. Àwọn jíìpù ìgbàlódé bíi RAV4, tí kò ní jíà kékeré tó ń mú ọkọ̀ rọra rìn, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún títì.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ mú òòlù kékeré lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń gba èbúté Kútọnu wọlé ti lo ọdún púpọ̀ nílẹ̀ Yúróòpù, níbi tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú títì nígbà òtútù. Iyọ̀ yẹn ń jẹ ṣásí, egungun irin tí ọkọ̀ dúró lé, láti inú. Ẹ máa fi òòlù kan ṣásí láti iwájú dé ẹ̀yìn, ẹ tẹ́tí: irin tó yè kooro a máa dún gbọnrangandan, ibi tí ìpẹtà ti jẹ a dún bọ̀ọ́, ìyẹ̀fun pupa á sì máa jábọ́. Ibi tí súpíríǹgì ti so mọ́ ṣásí àti ibi tí àpótí sítíárìǹgì ti so mọ́ ọn ni kí ẹ kàn jù. Bí ibẹ̀ bá dún bọ̀ọ́, ẹ dá owó yín padà sápò.

Ó yá, ọ̀rọ̀ jíà. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ dúró sí pẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Nínú Land Cruiser 75 onídíísù, ọ̀kan lára ìran 70, jíà kìn-ín-ní ń dín ìyípo ẹ́ńjínì kù ní ìlọ́po bíi 4.8. Lẹ́yìn jíàbọ́ọ̀sì, àpótí kékeré wà tó ń pín agbára síwájú àti sẹ́yìn. Bí ẹ bá fa ọ̀pá rẹ̀ sí L, òun náà á tún dín in kù ní ìlọ́po bíi 2. Pọ́ǹtì á ṣe tirẹ̀, 4.1. Ẹ fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ ara wọn di púpọ̀, ó ń lọ sí 39. Ìyẹn ni pé kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan, ẹ́ńjínì ti yí nígbà 39. Bí ẹ kò bá tẹ iná rárá, tí ẹ́ńjínì ń yí nígbà 700 ní ìṣẹ́jú kan, tí táyà sì jẹ́ 7.50R16, tó ń gba nǹkan bíi mítà 2.5 ní ìyípo kan, ọkọ̀ náà ń rìn kìlómítà 2.7 ní wákàtí kan. Ìrìn ìyá àgbà tó ń ti ọjà bọ̀ nìyẹn. Fún àpáta kéékèèké, ó tó.

Ẹ wá wo Samurai. Jíà kìn-ín-ní rẹ̀ 3.65, àpótí kékeré 2.27, pọ́ǹtì 3.73. Gbogbo rẹ̀ kò ju bíi 31 lọ. Tí ẹnìkan bá wá gbé táyà ńlá sí i, ó tún yá sí i, nítorí táyà ńlá ń gba ilẹ̀ púpọ̀ ní ìyípo kan. Ẹni náà rò pé òun ń tún ọkọ̀ ṣe fún òkúta, ìrọra tí òkúta ń fẹ́ gan-an ló ń gbà kúrò lára rẹ̀. Ìdí nìyí tí inú mi kì í fi dùn bí mo bá rí táyà ràbàtà lára ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kan jíà rẹ̀.

Ohun tó ń wo àrùn yẹn sàn ni jíà tí a pààrọ̀ sínú àpótí kékeré. Fún Samurai, wọ́n ń ta jíà tó ń sọ 2.27 yẹn di 4.9. Ẹ tún ṣe ìṣirò: 31 ti di bíi 67. Àpótí náà kò wúwo, ènìyàn méjì lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, kí wọ́n tú u sórí tábìlì tó mọ́ tónítóní, kí wọ́n pààrọ̀ jíà àti bẹ́árìn, kí wọ́n dá a padà. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín ni ìmọ́tótó. Eruku ọyẹ́ tó bá wọ inú àpótí yẹn á lọ jíà tuntun bí ẹni lọ ata. Ẹ ta aṣọ yí ibi iṣẹ́ ká, ẹ to gbogbo ẹ̀yà sórí pátákó bí ẹ ṣe ń yọ wọ́n, lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́sẹẹsẹ, kí ọmọṣẹ́ kankan má fọwọ́ kàn wọ́n.

Fún Hilux, ọ̀nà mìíràn wà: àpótí kékeré méjì, kí ọ̀kan tẹ̀lé èkejì. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ń dín in kù ní 2.28, méjèèjì pọ̀ di 5.2. Irin àárín tó ń so wọ́n pọ̀ kì í ṣe ohun tí a ń fojú díwọ̀n gé. Ẹ rà á, tàbí kí ẹ gbé iṣẹ́ náà fún ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń yí irin. Àpótí kejì máa sún sẹ́yìn, nítorí náà kádáànì ẹ̀yìn, ọ̀pá tó ń gbé agbára lọ sí pọ́ǹtì, ní láti kúrú sí i, ti iwájú sì ní láti gùn sí i. Kádáànì tí a gé, tí a jó pọ̀ láìgún régé, á máa gbọ̀n ní títì títí á fi ba bẹ́árìn jẹ́.

Ẹni tí kò lè dé ibẹ̀ yẹn lè pààrọ̀ jíà inú pọ́ǹtì, bíi láti 4.11 sí 4.88. Ó ń dá ìrọra tí táyà ńlá jẹ padà, kò fi bẹ́ẹ̀ fi kún un. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi dáadáa: iwájú àti ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ jẹ́ iye kan náà. Ọkọ̀ tí iwájú rẹ̀ jẹ́ 4.11, tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ 4.88, bí ẹ bá fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà á, iwájú ń sáré, ẹ̀yìn ń wọ́, ohun kan á sì já láàrin wọn.

Lẹ́yìn jíà, dífẹ́ríńṣà ló kàn. Ẹ̀yin ọmọṣẹ́, ẹ ṣe èyí ní gáráàjì lọ́la. Ẹ gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè, ẹ fi igi gbé e ró dáadáa, ẹ dènà táyà iwájú, ẹ pa ẹ́ńjínì, kí jíà wà ní kìn-ín-ní. Ẹ wá fọwọ́ yí táyà kan síwájú. Èkejì á máa yí sẹ́yìn. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ọkọ̀ lè rí ìgun yà, nítorí táyà tó wà níta ìgun ń rin ọ̀nà tó gùn ju ti inú lọ. Ní títì, ohun rere ni. Lórí àpáta, ìyọnu ni, nítorí agbára kan náà ló ń pín fún ẹsẹ̀ méjèèjì; bí ẹsẹ̀ kan bá wà lófuurufú, tí kò sí ohun tó ń dí i lọ́wọ́, ìwọ̀nba tó tó láti yí i náà ni ẹsẹ̀ kejì máa rí gbà. Ìyẹn kò lè gbé ọkọ̀.

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ń gbà níhìn-ín ni kí wọ́n tú pọ́ǹtì ẹ̀yìn, kí wọ́n jó àwọn jíà kéékèèké inú rẹ̀ pọ̀ kí táyà méjèèjì máa yí pọ̀ títí ayé. Kò wọ́n, ó sì ń ṣiṣẹ́. Èrò ọkàn mi lórí rẹ̀ nìyí: bí ọkọ̀ yín kò bá ń kúrò ní oko àti òkè, ẹ ṣe é sí ẹ̀yìn nìkan. Ẹ fọ epo kúrò pátápátá, ẹ mú irin gbóná díẹ̀ kí ẹ tó jó o, ẹ jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀, ẹ má da omi sí i, kí ẹ sì gbọn gbogbo ìdàrọ́ jáde kí ẹ tó da epo tuntun sí i. Bí ọkọ̀ náà bá ń lọ sí Kútọnu tàbí Pàràkú, ẹ má ṣe é. Ní gbogbo ìgun, táyà kan á máa wọ́ lórí ọ̀dà, táyà á jẹ, ṣáfútù á máa rẹ̀, lójò ẹ̀yìn ọkọ̀ lè yọ̀ mọ́ yín lọ́wọ́. Ọmọkùnrin kan bi mí bóyá a lè jó ti iwájú náà. Rárá o. Sítíárìǹgì á kọ̀ láti yà, oríkèé ṣáfútù iwájú á sì kán ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ bá yí táyà dópin tí ẹ sì tẹ iná.

Èyí tó dára jù ni dífẹ́ríńṣà tó ṣeé dè, tó sì ṣeé tú. Ilé iṣẹ́ ARB ti Ọsirélíà ń ṣe èyí tí atẹ́gùn ń dè: ẹ tẹ bọ́tìnnì, afẹ́fẹ́ wọlé, táyà méjèèjì di ọ̀kan, ẹ tún un tẹ̀, ó tú. Àwọn Land Cruiser kan ní èyí tí iná mànàmáná ń dè láti ilé iṣẹ́ wọn wá. Bí ẹ bá rí irú pọ́ǹtì bẹ́ẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń tú ọkọ̀ tà, ẹ rà á kí ẹ tó ra ohunkóhun mìíràn. Ẹni tí kò bá sì ní owó kankan rárá, ẹ kọ́ ọ bí a ṣe ń fi ẹsẹ̀ òsì tẹ búréèkì jẹ́jẹ́ nígbà tí ẹsẹ̀ ọ̀tún wà lórí iná. Búréèkì ń dí táyà tó wà lófuurufú lọ́wọ́, agbára á sì padà sọ́dọ̀ èyí tó wà nílẹ̀.

Lórí táyà, ọ̀rọ̀ mi kúrú. Afẹ́fẹ́ ló ṣe pàtàkì ju títóbi lọ. Táyà tó ń gbé báà 2.4 ní títì (báà ni a fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́ inú táyà), ẹ sọ ọ́ sí báà 1 lórí àpáta, ẹ ó rí i tí ikùn rẹ̀ á tẹ́, tí á máa dì mọ́ òkúta. Kò ná yín ní sẹ́fà kan. Lábẹ́ báà 0.8, táyà lè bọ́ kúrò lára rííìmù, àyàfi tí ẹ bá ní rííìmù tó ní òrùka irin tí wọ́n fi bóòtù dè táyà mọ́. Ẹ má jó irú òrùka bẹ́ẹ̀ fúnra yín mọ́ rííìmù tí ẹ fẹ́ lò ní títì. Kí ẹ sì wo ẹ̀gbẹ́ táyà ju ojú rẹ̀ lọ, nítorí ẹ̀gbẹ́ ni gíránáìtì ń là.

Ọ̀rọ̀ gíga wá kù, òun ni mo mọ̀ pé ẹ ń retí.

Ohun tó ń dí ọkọ̀ lọ́wọ́ jù níwájú àpáta ni bọ́ńpà rẹ̀ tó kọ́kọ́ kan òkúta kí táyà tó dé ibẹ̀. Ẹ gé bọ́ńpà ṣíṣù yẹn, ẹ fi ọ̀pá irin tó sún mọ́ ara rọ́pò rẹ̀. Ẹ gé ìyẹ́ ara ọkọ̀ lókè táyà kí táyà lè ráyè lọ sókè. Ẹ ti jèrè láìgbé ọkọ̀ sókè rárá. Lẹ́yìn náà, súpíríǹgì tó dára tó fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 kún gíga rẹ̀ tó fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Táyà fúnra rẹ̀ nìkan ló lè gbé pọ́ǹtì kúrò nílẹ̀, nítorí ara ọkọ̀ nìkan ni súpíríǹgì ń gbé. Láti táyà tó ga ní ínǹṣì 31 sí èyí tó ga ní 33, ínǹṣì kan péré ni abẹ́ pọ́ǹtì fi ga sí i.

Àwọn kan á sọ pé, "Ọ̀gá, a lè gbé súpíríǹgì kúrò lábẹ́ pọ́ǹtì lọ sórí rẹ̀." Òótọ́ ni, ó ń fún ọkọ̀ ní gíga sẹ̀ǹtímítà 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, irin tí ẹ máa fi ṣe é kò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ka ohun tó ń tẹ̀lé e. Súpíríǹgì pẹlẹbẹ á máa lọ́ nígbàkígbà tí ẹ bá tẹ iná, pọ́ǹtì á máa fẹ́ yí lórí ara rẹ̀, nítorí náà ẹ ní láti ṣe ọ̀pá kan tó máa dè é mọ́ ṣásí. Igun kádáànì á yí padà. Ọ̀pá sítíárìǹgì á máa kan súpíríǹgì, ẹ ní láti wá apá gíga fún un. Rọ́bà búréèkì á kúrú. Èyí tó burú jù, ìwúwo ọkọ̀ ti lọ sókè: níbi tí òkúta bá ti tẹ ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, èyí tó wà nílẹ̀ á dúró, tiyín á dojú dé. Lójú tèmi, ẹni tí kò tíì ra jíà àti dífẹ́ríńṣà tó ṣeé dè kò ní ìdí kankan láti gbé súpíríǹgì sórí pọ́ǹtì. Bẹ́ẹ̀ náà ni fífi irin gígùn sí ìdí súpíríǹgì níwájú: ó ń yí ìdúró pọ́ǹtì padà, sítíárìǹgì kò sì ní í dúró sójú kan mọ́ ní títì.

Ohunkóhun tí ẹ bá ṣe sí súpíríǹgì, ẹ dán an wò nílé kó tó dé òkè. Ẹ rọra wa táyà iwájú kan gun òkúta tàbí igi tó ga, títí táyà ẹ̀yìn kan á fi fẹ́ kúrò nílẹ̀. Ẹ pa ọkọ̀, ẹ dè é, ẹ mú iná tọ́ọ̀ṣì, ẹ wo abẹ́ rẹ̀ láìwọ ibi tó lè tẹ̀ yín. Rọ́bà búréèkì ṣì ní ìtúsílẹ̀, àbí ó ti le tantan bí okùn ìlù? Táyà ń fi ara ha irin níbikíbi? Ibi tí kádáànì ti ń yọ gùn, ó ṣì wọ inú ara rẹ̀ tó, àbí ó ti fẹ́ yọ tán? Ṣọ́ọ̀kù ti nà dópin kí súpíríǹgì tó nà tán? Ẹ yí sítíárìǹgì lọ sọ́tùn-ún, lọ sósì, ẹ tún wò. Rọ́bà búréèkì tó le tantan ní àgbàlá yín, já ló máa já lórí àpáta.

Abẹ́ ọkọ̀ ní láti ní ààbò. Ní ìdí ilẹ̀kùn, ẹ ṣe ọ̀pá irin nínípọn sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ẹ so ó mọ́ ṣásí, ẹ má so ó mọ́ ara ọkọ̀, kí gbogbo ìwúwo ọkọ̀ lè gùn ún láìtẹ. Lábẹ́ sítíárìǹgì, àpótí jíà kékeré àti táńkì, pátákó irin tó nípọn tó mílímítà 5 tàbí 6. Ẹ fi bóòtù dè é, kí ẹ lè yọ ọ́ nígbà tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ epo. Fún irin orí tó ń dáàbò bo ènìyàn bí ọkọ̀ bá dojú dé, ọ̀pá tí kò ní ojú ìjó, tó fẹ̀ tó mílímítà 44, tí ara rẹ̀ nípọn tó mílímítà 3, ni mo gbà. Páìpù omi kọ́. Mo mọ̀ pé páìpù omi ló wà lọ́jà, mo mọ̀ pé ó rọrùn láti tẹ̀; ẹ fi ṣe ibi ìkẹ́rù. Bẹ́líìtì ìjókòó sì gbọ́dọ̀ wà fún gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀, torí irin orí tí kò sí bẹ́líìtì lábẹ́ rẹ̀, orí ènìyàn ló máa lọ lù ú.

Ẹ̀yin ajórin, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ èyí lójúkorojú. Ọ̀pá sítíárìǹgì tó bá tẹ̀ tàbí tó bá kán, ẹ má jó o. Òmíràn ni kí ẹ wá. Bí oníbàárà bá ń bẹ̀ yín, kí ẹ kọ̀. Ẹ yọ okùn bátìrì kí ẹ tó fi iná ìjórin kan ọkọ̀, kó má bàa jó ọ́tánétọ̀. Kí ẹ sì gbé gbogbo jálá kpayo, epo pẹtiróòlù tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà, jìnnà sí ibi iṣẹ́, èyí tó wà níbẹ̀ fún títà náà. Ẹ̀fúùfù epo kò ṣeé fojú rí.

Ẹ́ńjínì, mi ò fẹ́ kí ẹ fọwọ́ kàn án púpọ̀. Díísù àtijọ́ tí kò ní kọ̀ǹpútà dára fún òkè, nítorí ó lágbára ní ìsàlẹ̀, kì í sì í dàrú bí ọkọ̀ bá dagun. Èyí tó ní kabúrétọ̀, epo inú rẹ̀ á máa ṣàn sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ́ńjínì á sì kú níbi tí ẹ kò fẹ́ kó kú sí. Ohun tó ń pa ẹ́ńjínì jù lórí àpáta ni ooru, torí ọkọ̀ ń ṣiṣẹ́ líle láìrí atẹ́gùn. Ẹ fọ rédíétọ̀, ẹ rí i pé fáànù ń fẹ́ dáadáa.

Nígbà tí ẹ bá dé òkè, ẹnìkan á sọ̀ kalẹ̀, á dúró níwájú láti máa fọwọ́ júwe. Ẹnìkan ṣoṣo. Bí ènìyàn mẹ́rin bá ń pariwo, awakọ̀ kò gbọ́ ti ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń júwe kò gbọdọ̀ dúró sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ tó ń gun òkè, kò sì gbọdọ̀ wọ àárín ọkọ̀ àti àpáta. Táyà ni kí awakọ̀ gbé sórí òkúta tó ga jù, kó má ṣe gbìyànjú láti fi òkúta náà sí àárín ẹsẹ̀ méjì, torí ibẹ̀ ni dífẹ́ríńṣà wà. Bí ẹ bá ń fi okùn fa ọkọ̀ tó há, gbogbo ènìyàn á kúrò ní gbogbo ibi tí okùn lè ta dé bó bá já, ẹ fi aṣọ tó wúwo lé e lórí. Ẹ má so okùn mọ́ bọ́ọ̀lù irin tí wọ́n ń fi fa tírélà. Ó máa ń já, ó sì ń fò bí ọta ìbọn.

Gíránáìtì tó gbẹ ń di táyà mú dáadáa. Gíránáìtì tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, tí èérún ewéko wà lára rẹ̀, kò mú nǹkan kan. Ìgbà ọyẹ́ ni àsìkò rẹ̀. Kí ẹ sì rántí pé kì í ṣe gbogbo àpáta ni ti eré. Àwọn òkè kan wà tí àwọn àgbà ń bọ, àwọn kan wà tí oko ẹlòmíràn yí wọn ká. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ìlú àti àwọn tó ni oko kí ẹ tó gbé táyà wọ ibikíbi. Epo tó bá jò sílẹ̀, ẹ gbẹ́ iyẹ̀pẹ̀ náà kó lọ. Ìsàlẹ̀ òkè ni omi kànga ti ń wá.

Nígbà tí ẹ bá ń padà, kí ẹ tó gbé ọkọ̀ wọ títì, ẹ dúró. Ẹ fẹ́ táyà padà sí báà 2.4. Ẹ fi sípánà mú gbogbo bóòtù tó de súpíríǹgì mọ́ pọ́ǹtì, nítorí àpáta máa ń tú wọn. Kí ẹnìkan jókòó sínú ọkọ̀ kó máa yí sítíárìǹgì díẹ̀díẹ̀, kí èkejì wo gbogbo oríkèé rẹ̀ bóyá èyíkéyìí ń mì. Ẹ tẹ búréèkì kí ẹ dì í mú. Bó bá ń rọra wọlẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, rọ́bà kan ti ń jò níbì kan, ọkọ̀ yẹn kò gbọdọ̀ wọ títì títí ẹ ó fi rí ibẹ̀. Ó yá, ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó nawọ́.